Kí Ni A Jẹ Àwọn Tí A Kò Mọ Orúkọ Wọn?

Ibi kíkà: Jóṣúà 4:1–9, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 17:16–23

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni arákùnrin kan nínú ìjọ wa wá bá mi lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì. Àwọn ènìyàn ti ń lọ sílé. Ó gbé àpò sìmẹ́ńtì kan dání, ó sì ń wẹ̀yìn wò bí ẹni tó jí ẹran gbé. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká wọ ọ́fíìsì." Nígbà tí a ti ìlẹ̀kùn tán, ó tú àpò náà. Orí ènìyàn ló wà nínú rẹ̀, orí amọ̀ tí wọ́n sun, ó tóbi tó orí ọmọ ọdún méjì. Imú rẹ̀ ti kán díẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì ti ṣẹ́. Ojú rẹ̀ rí bí igun mẹ́ta, ihò kékeré wà láàárín ẹyinjú, irun orí rẹ̀ sì tò lẹ́sẹẹsẹ bí irun tí ìyá dì fún ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ ọdún.

Arákùnrin yìí máa ń ra atalẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní gúúsù Kaduna, á sì kó o wá tà ní Zaria níbí. Àgbẹ̀ kan tó jẹ ẹ́ lówó ló fa orí náà lé e lọ́wọ́, ó ní òun wú u nínú oko òun, kó gbà á dípò owó. Ẹnì kan ti ṣèlérí iye kan fún un lórí rẹ̀, iye tó tó san owó sukúù àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta fún ọdún kan. Ìyàwó rẹ̀ ní tiẹ̀ sọ pé òrìṣà ni, òun kò ní sùn nínú ilé tí nǹkan yẹn bá wà. Ó wá bi mí pé, "Pásítọ̀, ṣé kí n tà á ni, àbí kí n fọ́ ọ, àbí kí n dá a padà?"

Màá jẹ́wọ́ fún yín. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni pé, "Fọ́ ọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, kó ti di ìyẹ̀pẹ̀." Mo tilẹ̀ ti ń wá òòlù káàkiri. Bí mo ṣe ń wá a ni iná lọ, mo bá tan iná fóònù mi. Ìmọ́lẹ̀ yẹn bọ́ sínú ọrùn orí náà níbi tó ti ṣẹ́, mo sì rí i pé inú rẹ̀ ṣófo. Ní ara amọ̀ nínú lọ́hùn-ún, ojú ìka ènìyàn wà níbẹ̀, níbi tí ẹni tó mọ ọ́n ti fi ìka tẹ amọ̀ nígbà tó ṣì tutù. Mo ki ìka mi bọ̀ ọ́. Ó ba ìka mi mu.

Mo gbé òòlù sílẹ̀. Mo ní kí arákùnrin wa fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ìbéèrè tí mo ń gbé kiri láti ọjọ́ náà ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò: ẹni tí ó ti kú tipẹ́, tí kì í ṣe ẹbí wa, tí kì í ṣe ará ìjọ wa, tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, ǹjẹ́ a tún jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan?

Ilẹ̀ Nok àti àwọn ará ibẹ̀

Mo bá ọ̀rẹ́ mi kan tó kẹ́kọ̀ọ́ ìwalẹ̀pìtàn ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Samaru sọ̀rọ̀. Bó ṣe rí àwòrán orí náà lórí fóònù, ó ní, "Èyí jọ ti Nok."

Nok jẹ́ abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Kaduna wa yìí, nílẹ̀ àwọn Ham tí àwọn míì ń pè ní Jaba. Lọ́dún 1928, àwọn tó ń wa tánńganran níbẹ̀ lábẹ́ òyìnbó kan, John Dent Young, wú orí ọ̀bọ kan tí wọ́n fi amọ̀ mọ. Ní 1943, akọ̀wé kan tó ń bójú tó ibi ìwakùsà rí orí ènìyàn kan. Ó gbé e lọ sílé, ó sì fi í sínú oko iṣu rẹ̀ kó máa dẹ́rù ba àwọn ẹyẹ. Odindi ọdún kan ni orí yẹn fi ṣọ́ oko! Nígbà tó yá ló dé ọwọ́ Bernard Fagg, òṣìṣẹ́ ìjọba nígbà náà, tí ó ti kọ́ nípa ìwalẹ̀pìtàn. Òun ló rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ kan náà ni orí ọ̀bọ àti orí inú oko iṣu. Ó wá ń rọ àwọn awakùsà pé ohunkóhun tí wọ́n bá rí, kí wọ́n má jù ú nù. Òun náà ló dá mùsíọ́mù Jos sílẹ̀, èyí tí wọ́n ṣí ní 1952.

Láti 2005, àwọn awalẹ̀pìtàn láti Yunifásítì Goethe ní Frankfurt, ní Jámánì, tí Peter Breunig ṣáájú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀ náà pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ National Commission for Museums and Monuments ti ìjọba wa. Janjala, ní Kagarko, ni wọ́n kọ́ ibùdó wọn sí. Wọ́n rí i pé àwọn ènìyàn yìí ti ń gbé ilẹ̀ yẹn láti nǹkan bí 1500 ọdún ṣáájú ìbí Kristi. Kí Dáfídì tó jọba ní Jerúsálẹ́mù ni wọ́n ti ń gbin jéró. Nígbà tí Èlíjà ń bá àwọn wòlíì Báálì jà lórí Kámẹ́lì, àwọn kan ti ń fi amọ̀ mọ ère ènìyàn ní ìpínlẹ̀ tí àwa ń san owó ilé sí lónìí. Wọ́n tún ń yọ́ irin. A ti rí ìléru wọn ní Taruga, nítòsí Abuja.

Ṣé òrìṣà ni?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá ìyàwó arákùnrin wa lóhùn, torí ìbẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe ìbẹ̀rù òpè. Gídíónì wó pẹpẹ Báálì tó jẹ́ ti bàbá rẹ̀. Àwọn ará Éfésù tó gbàgbọ́ kó ìwé idán wọn jọ, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ohun tí wọ́n pa run jẹ́ ohun tí àwọn fúnra wọn tàbí ilé wọn ń sìn. Iná yẹn jẹ́ ìrònúpìwàdà wọn. Ta ló ń sin orí inú àpò sìmẹ́ńtì yìí? Kò sí ẹnikẹ́ni. Àwọn awalẹ̀pìtàn rí i pé irú ère bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà nítòsí ibi tó jọ ibojì. Ó lè jẹ́ pé àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ló gbé e síbẹ̀. Ẹni tó bá fọ́ ọ nítorí pé òrìṣà ni, ó ti jẹ́rìí sí ohun tí kò mọ̀, òfin kẹsàn-án sì kọ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wo Pọ́ọ̀lù ní Áténì. Ère kún ìlú náà, ọkàn rẹ̀ sì gbóná sí i. Síbẹ̀ kò mú òòlù. Ó rìn yí ká, ó fara balẹ̀ wò wọ́n, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára pẹpẹ kan, láti orí ohun tó kà ló sì ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù rẹ̀. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ wo ohun tó wà níwájú rẹ̀, kí ló fẹ́ wàásù lé lórí?

Òṣùwọ̀n méjì

Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì, ọ̀kan nínú ẹ̀kọ́ tó dùn mọ́ mi jù ni ti Kọ́ríńtì. Láti 1896 ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń wa ilẹ̀ ìlú yẹn, ìlú kan ní ilẹ̀ Gíríìsì, tó ní èbúté méjì. Kẹnkíríà, níbi tí arábìnrin Fébè ti ń ṣiṣẹ́ ìránṣẹ́ nínú ìjọ, ni ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n wú ibi ìjókòó ìdájọ́ tó wà láàárín ọjà, irú èyí tí wọ́n wọ́ Pọ́ọ̀lù dé iwájú rẹ̀ nígbà Gálíò. Ní 1929, nítòsí gbọ̀ngàn ìṣeré wọn, wọ́n rí òkúta títẹ́ kan tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí pé Érásítù kan ló fi owó ara rẹ̀ tẹ́ ilẹ̀ náà nítorí ipò tí ìlú fi í sí. Pọ́ọ̀lù náà dárúkọ Érásítù kan tó ń tọ́jú ìṣúra ìlú, ní ìparí ìwé sí àwọn ará Róòmù. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá ẹni kan náà ni. Ṣùgbọ́n mo rántí pé ọjọ́ tí olùkọ́ wa sọ ọ́, gbogbo kíláàsì pariwo, "Halelúyà!"

Ẹ jẹ́ kí n bi ara mi léèrè níwájú yín. Ká ní ẹni tó kọ́kọ́ wú òkúta Érásítù sọ pé ọwọ́ abọ̀rìṣà ló gbẹ́ ẹ, tó sì fọ́ ọ ńkọ́? Ká ní ó gbé e lóru, tó tà á fún olówó kan, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé Kọ́ríńtì ló ti wá mọ́ ńkọ́? À bá máa sunkún. Bí ilẹ̀ Kọ́ríńtì bá sọ̀rọ̀, a ó pariwo halelúyà. Bí ilẹ̀ Kaduna bá sọ̀rọ̀, a ó wá òòlù. Òṣùwọ̀n méjì nìyẹn, ìwé Òwe sì ti sọ fún wa ojú tí Olúwa fi ń wo òṣùwọ̀n méjì.

Òkúta méjìlá

Ọ̀rẹ́ mi ará Samaru wá sọ ohun kan tí kò yé mi lójú ẹsẹ̀. Ó ní, "Pásítọ̀, orí yẹn fúnra rẹ̀ kọ́ ló ṣe iyebíye jù. Ibi tó wà nínú ilẹ̀ ni."

Ìwé Jóṣúà ló jẹ́ kó yé mi. Nígbà tí Ísírẹ́lì la Jọ́dánì kọjá, wọ́n gbé òkúta méjìlá láti inú odò, wọ́n sì tò wọ́n sí Gílígálì, pé bí àwọn ọmọ bá béèrè lọ́la ohun tí òkúta wọ̀nyí jẹ́, kí bàbá ní ìtàn láti sọ. Ẹ fojú inú wò ó pé ẹnì kan wá lóru, ó kó òkúta méjèèjìlá, ó tà wọ́n fún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ènìyàn. Òkúta kan kò fọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn ti tán. Ní ilé ẹni tó rà á, òkúta odò lásán ni. Nítorí ibi tí wọ́n wà, àti bí wọ́n ṣe wà pa pọ̀, ni ohun tí wọ́n ń wí.

Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ rí. Awalẹ̀pìtàn kì í wa kòtò gbàrà bí ẹni ń wa ìpìlẹ̀ ilé. Ó ń ho ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń kọ ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀, ó ń wo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: èédú, hóró jéró, àfọ́kù ìkòkò. Ilẹ̀ Nok kan, ó ti jẹ egungun àwọn òkú ibẹ̀ tán. Àwọn nǹkan kéékèèké wọ̀nyí ni ẹlẹ́rìí tó kù fún wọn.

Ẹ sì wo ohun tí àwọn ẹlẹ́rìí yìí sọ. Àwọn onímọ̀ láti Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Frankfurt yẹ àfọ́kù ìkòkò tó ju 450 lọ wò láti ilẹ̀ Nok. Nínú nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ni wọ́n ti rí àmì ìda oyin. Wọ́n gbé ìyẹn jáde ní 2021. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún fi hàn pé àmì ewé wà nínú àwọn ìkòkò kan. Ìyẹn ni pé ní nǹkan bí 3,500 ọdún sẹ́yìn, ẹnì kan ní gúúsù Kaduna ń se ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ gbọ́ bí? Ẹni tí mo fẹ́ fi òòlù fọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ ẹ̀fọ́ kí ó tó jókòó ti amọ̀. A kò lè mọ èyí láti ara orí tí wọ́n jí gbé. Àfọ́kù ìkòkò tí olè jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ló wí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá pẹ̀lú. Nígbà tí Leo Frobenius ará Jámánì dé Ilé-Ifẹ̀ ní 1910, tó rí bí ère orí ibẹ̀ ṣe dára tó, kò gbà pé àwọn baba wa ló ṣe wọ́n. Ó ní àwọn Gíríìkì láti ìlú Atlantis tó rì sínú òkun ló gbé iṣẹ́ náà wá! Ní 1938, àwọn tó ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ wú àwọn orí idẹ olókìkí náà, wọn kò sì fọ́ wọn. Ìwalẹ̀ tí wọ́n fara balẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà, bí èyí tí Frank Willett ṣe ní Ìta Yemòó láti 1957, ló jẹ́ kó hàn gbangba pé Ifẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ọnà yẹn. Ẹ ò rí i bí? Bí ẹ̀rí bá ti kúrò nínú ilẹ̀, ẹni tó bá wù ú lè fún ọmọ wa ní bàbá mìíràn.

"Òkú ò mọ iye tí a ra agọ̀"

Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ìjọ, díákónì wa kan rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Pásítọ̀, òkú ò mọ iye tí a ra agọ̀. Àwọn ènìyàn yẹn ti lọ. Àwọn ọmọ arákùnrin yìí wà láàyè, ebi ń pa wọ́n. Ta ni kí á ṣàánú fún?"

Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, n kò sì lè fi ẹsẹ Bíbélì kan ṣoṣo pa á lẹ́nu mọ́. Bí yóò bá jẹ́ pé ká yàn láàárín amọ̀ àti ẹ̀mí ọmọ, ẹ gbé amọ̀ náà kúrò níwájú mi. Ṣùgbọ́n mo dá díákónì wa lóhùn báyìí: òkú kò mọ̀, òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe torí pé ẹnì kan mọ̀ la ṣe ń ṣe òtítọ́. Bí mo bá purọ́ mọ́ òkú níbi ìsìnkú rẹ̀, kò ní gbọ́. Irọ́ náà ò wá di òtítọ́ torí ìyẹn. Ẹni tó lè sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀, ká ṣọ́ra fún un. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ìbẹ̀rù Ọlọ́run nìkan ló ń dáàbò bò ó.

Nípa ti ebi, ẹ jẹ́ ká wo ẹni tí owó yẹn ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Àgbẹ̀ tó wú orí yìí kò rí kọ́bọ̀, gbèsè ló fi san. Arákùnrin wa ìbá rí owó sukúù ọdún kan. Ẹni tó ń dúró dè é, àti ẹni tí ìyẹn náà yóò tún tà á fún lókè òkun, àwọn ló ń jẹ àgbọn. Ní 1998 ìjọba Faransé ra ère mẹ́ta, ti Nok àti ti Sokoto, fún mùsíọ́mù wọn ní Paris. Ariwo pọ̀ lórí rẹ̀. Ní 2002 wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé Nàìjíríà ló ni wọ́n, Nàìjíríà sì yá wọn padà fún ọdún 25. Ẹ wo bó ṣe rí: àwa la ni ín, Paris ló wà. Òfin 77 ti ọdún 1979 nílẹ̀ wa sì sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kúrò nílùú láìgba àṣẹ, kì í sì í ṣe ẹnikẹ́ni tó bá wù ló lè rà á.

Ohun tí a ṣe

Arákùnrin wa kò tà á. Kò fọ́ ọ. Èmi àti òun la jọ gbé e lọ fún àwọn tí òfin fún láṣẹ láti tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ wa wò ó pẹ́, ó wá mú bírò, ó bi wá pé, "Níbo gan-an ni wọ́n ti rí i? Ó jìn tó báwo nínú ilẹ̀? Kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?"

Arákùnrin wa pe àgbẹ̀ náà lórí fóònù. Àgbẹ̀ náà ní àwọn nǹkan fífọ́ míì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ìkòkò àti nǹkan bí apá, òun dà wọ́n sínú odò kí ó lè ráyè kọ ebè. Òjò sì ti dí ihò náà. Ẹni náà kọ ohun díẹ̀ tó gbọ́ sílẹ̀, ó sì de bírò rẹ̀. Kò bá wa wí. Ṣùgbọ́n mo wo ìwé yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, mo sì mọ̀ pé a gba orí là, a kò gba ẹ̀rí rẹ̀ là tán.

Ohun kan kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ, ojú sì ń tì mí díẹ̀. Bí a ṣe ń padà bọ̀ ní Gyellesu, arákùnrin wa kò sọ̀rọ̀ títí a fi fẹ́ dé. Ó wá ní, "Pásítọ̀, mo ti ṣe ohun tó tọ́. Sukúù yóò wọlé ní Mọ́ńdè." Ìwàásù mi kò lè san owó sukúù. Mo padà sọ́dọ̀ àwọn àgbà ìjọ, díákónì tó pa òwe yẹn ló sì kọ́kọ́ na owó. A rí ti tááàmù kan san. Kò tó. Bí a bá ní kí ẹnì kan ṣe òtítọ́ tí yóò ná an lówó, tí a wá jẹ́ kó dá nìkan san án, àwa náà ti di ẹni tó ń fi orí ẹlòmíì fọ́ àgbọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, àwa tó jẹ́ àlejò nílẹ̀ yìí, tí a ń kọ́lé sórí rẹ̀, tí a ń ṣòwò nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé a bá àwọn kan níbẹ̀. Bíríkìlà tó ń wa ìpìlẹ̀, àgbẹ̀ tó ń kọ ebè, bí ọkọ́ yín bá kan ohun tí ọwọ́ ènìyàn àtijọ́ ṣe, ẹ dúró. Ẹ má wú u. Ẹ fi bò ó, ẹ sàmì sí ibẹ̀, ẹ pè wá kí a jọ fi tó àwọn tó mọ̀ ọ́n létí. Ẹ má sì dá nìkan ru ohun tó bá ná yín. Ẹ gbé e wá sínú ìjọ.

Amọ̀ ni Ọlọ́run fi mọ àwa náà. Lọ́jọ́ kan, àwọn tí kò mọ orúkọ wa yóò kọ́lé sórí ibi tí a ti gbé. Kí Olúwa jẹ́ kí wọ́n bá wa lò bí a ṣe bá àwọn tó ṣáájú wa lò, kí ó sì fún wa ní oore-ọ̀fẹ́ láti lè ṣe àmín sí àdúrà yẹn láìbẹ̀rù.